Oúnjẹ tí à ń jẹ àti ojú àgbà: kí ló ń ṣe ojú lóore, kí ló ń bà á jẹ́?

ÌyáÌbejì_Kubwa:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá mi wá láti Ìkìrun wá bá wa gbé ní Kubwa níbí, ó ti pẹ́ díẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ pé bí àwọn bá ń ka Bíbélì, àwọn lẹ́tà àárín máa ń rí wọ́gọwọ̀gọ, iná mọ́tò lálẹ́ dẹ̀ máa ń ta sí wọn lójú jù, ni mo bá mú wọn lọ sí ọsibítù ojú. Dókítà kán oògùn sí wọn lójú, ó wo ẹ̀yìn ojú, ó ní nǹkan méjì ló wà ńbẹ̀. Àkọ́kọ́, cataract ti ń bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀tún, ìyẹn lẹ́ǹsì inú ojú tó ń di funfun díẹ̀díẹ̀. Ìkejì, àwọn àmì yẹ́lò kéékèèké ti ń hàn lára awọ ẹ̀yìn ojú méjèèjì, níbi tí wọ́n ń pè ní macula. Ó ní kò tíì burú, kí wọ́n máa jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa àti ẹja, kí wọ́n dín nǹkan aládùn kù, kí wọ́n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Èrò pọ̀ lẹ́yìn wa, kò ráyè ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Látìgbà yẹn oríṣiríṣi ìmọ̀ràn ni mò ń gbọ́. Àbúrò mi ní Èkó ní kárọ́ọ̀tì ni ká máa lọ̀ fún wọn mu láràárọ̀, ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní fítámíìnì ojú kan wà, ó wọ́n gan-an, òun á bá wa rà á, ìyá àgbà kan ládùúgbò ní ká máa kán oyin sí i. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé oúnjẹ lè ṣe nǹkan sí ọ̀rọ̀ yìí lóòótọ́ àbí dókítà kàn fẹ́ fi tù wá nínú ni? Èmi náà ti lé ní ogójì ọdún, mo fẹ́ mọ ohun tí màá máa sè nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ kó dá sí i.

OlójúKedere_Kaduna:
Ẹ kú ìtọ́jú màmá o, Ìyá Ìbejì. Iṣẹ́ ojú ni mò ń ṣe ní Kaduna. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ eléyìí ná: ẹ má kán oyin sí wọn lójú, ẹ má kán omi ọmú, ẹ má kán omi ewé kankan. Mo ti rí ojú tó dọgbẹ́ tí ẹyinjú dẹ̀ funfun pátápátá nítorí ohun tí wọ́n kán sí i nílé, ìyẹn dẹ̀ yára ba ojú jẹ́ ju cataract tí wọ́n ń torí ẹ̀ kán an lọ.

Ọ̀rọ̀ tí dókítà yẹn sọ, òótọ́ ni. Nínú macula yẹn, tó jẹ́ ibi kékeré tí a fi ń kàwé tí a fi ń dá ojú èèyàn mọ̀, èròjà yẹ́lò méjì kan wà ńbẹ̀, lutein àti zeaxanthin. Ara wa ò lè ṣe wọ́n fúnra ẹ̀, ohun tí a bá jẹ ló ń gbé wọn débẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n gba agbára ìmọ́lẹ̀ tó le mú kó má jó ẹ̀yìn ojú, wọ́n dẹ̀ tún máa ń pa àwọn èròjà burúkú tí ìmọ́lẹ̀ ń dá sílẹ̀ níbẹ̀. Ewé tó bá dúdú dáadáa ni wọ́n ti pọ̀ jù: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ugu, ewédú, zogale (ewé moringa) tó kún gbogbo ọjà wa lókè ọya níbí. Wọ́n wà nínú pupa ẹyin, wọ́n wà nínú àgbàdo yẹ́lò àti tàtàṣé.

Lọ́dún 1994 àwọn oníwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi oúnjẹ àwọn tí macula wọn ti bàjẹ́ gan-an wé ti àwọn tí tiwọn ò bàjẹ́. Àwọn tó ń jẹ irú èròjà yìí jù lọ, ewu àrùn náà fi 43% kéré sí ti àwọn tó ń jẹ ẹ́ kéré jù. Lọ́dún 2019 ìwádìí míì tún jáde látọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Netherlands àti ilẹ̀ Faransé. Àwọn tó ń jẹ ẹ̀fọ́, èso, ẹ̀wà, ẹja àti epo ólífì dáadáa, tí wọn ò jẹ ẹran pupa púpọ̀, ewu kí macula wọn bàjẹ́ débi tó le fi 41% kéré.

Ti kárọ́ọ̀tì, ó dára, kí wọ́n máa jẹ ẹ́, àmọ́ òun kọ́ ni olórí. Èròjà inú ẹ̀ ni ara fi ń ṣe fítámíìnì A, ọmọ tí ò bá ní fítámíìnì A tó lè má ríran lóru, ó tiẹ̀ lè fọ́jú, àmọ́ èròjà yẹn kọ́ ló wà nínú macula. Òkìkí kárọ́ọ̀tì, ìgbà ogun àgbáyé kejì ló gbòde, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń tàn án ká pé kárọ́ọ̀tì ló ń jẹ́ kí àwọn awakọ̀ òfurufú àwọn rí ọ̀tá lóru, wọ́n dẹ̀ ń fi ìyẹn bo ẹ̀rọ radar tí wọ́n ní lójú ni.

Ọmọ_Ìlọrin_ní_Minna:
Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ n bi yín, ẹ má bínú o. Àwọn bàbá wa nílé, ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀ lálẹ́, wọn ò mọ mínírà, wọn ò mọ íńdómì, oko ni wọ́n ń rìn lọ rìn bọ̀, àìmọye wọn ló dẹ̀ fọ́jú kí wọ́n tó kú. Bàbá tó bí bàbá mi gan-an, ọmọdé ló ń fi ọ̀pá fà wọ́n kiri àdúgbò. Tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni, báwo ni tiwọn ṣe wá jẹ́?

OlójúKedere_Kaduna:
Ìbéèrè gidi nìyẹn, àbúrò. Ìdáhùn ẹ̀ ni pé àrùn ojú àgbà kì í ṣe ẹyọ kan. Ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú àwọn tó ti lé ní 40 ọdún tó fọ́jú, cataract ló fa ti 43%, glaucoma, àrùn tó ń ba iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ jẹ́, fa ti bíi 17%. Ṣé ẹ rí cataract yẹn, ọjọ́ orí fúnra ẹ̀ ló ń fà á jù, oòrùn dá kún un, sígá dá kún un, àtọ̀gbẹ dẹ̀ máa ń mú un tètè dé. Àgbà tó bá pẹ́ láyé, bó ti wù kó jẹ ẹ̀fọ́ tó, ó ṣeé ṣe kí lẹ́ǹsì ojú ẹ̀ funfun. Ohun tó sọ bàbá tiyín di ẹni tí wọ́n ń fà kiri, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọn ò rí ẹni ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún wọn ni. Iṣẹ́ abẹ náà ò gùn rárá lónìí, wọ́n á yọ lẹ́ǹsì tó funfun, wọ́n á fi tuntun sí i, àgbà á padà máa rí owó ka.

Glaucoma, ní tiẹ̀, máa ń rìn nínú ẹbí, ó dẹ̀ máa ń le lára àwa aláwọ̀ dúdú, ó tètè ń mú wa. Ìwádìí kan lọ́dún 2016 rí i pé àwọn tó ń jẹ ewé tútù jù, ewu glaucoma wọn fi bíi 20% sí 30% kéré. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ti ní in, kó má fi ẹ̀fọ́ rọ́pò oògùn tó ń kán o, ojú tí glaucoma bá ti gbà, kò sí oúnjẹ, kò sí iṣẹ́ abẹ tó lè gbà á padà.

Ohun tí oúnjẹ ń ṣe ni pé ó ń dín ewu kù. Bí ẹni tó dé akoto gun ọ̀kadà ni, jàǹbá lè ṣẹlẹ̀ sí i síbẹ̀, àmọ́ mi ò ní gbà kí ọmọ mi gun ún láìdé e.

ÌyáOlóúnjẹ_Nyanya:
Ẹ jẹ́ kí èmi tó ń dáná sọ tèmi, torí gbogbo ẹ̀fọ́ ẹ̀fọ́ tí ẹ ń sọ yìí, bí a ṣe ń sè é gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ wa máa ń bọ ẹ̀fọ́ títí àwọ̀ ẹ̀ á fi ṣá, a ó fún un gbẹ, a ó da omi ẹ̀ nù, a ó tún dà á sínú ọbẹ̀ tó ń hó, a ó wá dé e pa síbẹ̀. Ẹ̀fọ́ yẹn ti lọ. Èmi, odidi ni mo fi ń fọ̀ ọ́ pẹ̀lú iyọ̀, n ó tún fi omi mọ́ ṣàn án, ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó ń gé e, ata á ti jinná lórí iná, n ó da ẹ̀fọ́ sí i, n ó rò ó pọ̀, ó ti tó, mo gbé e kalẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ ò fẹ́ iná púpọ̀ rárá. Ṣọkọ ló fẹ́ kí omi gbígbóná kàn án díẹ̀, ìyẹn náà ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Ẹ má dẹ̀ bẹ̀rù epo débi tí ẹ ò ní fi sí i. Onímọ̀ oúnjẹ kan tó máa ń jẹun lọ́dọ̀ mi ló là mí lóye pé èròjà inú ewé yẹn, inú ọ̀rá ló ń yọ́ sí, tí kò bá sí epo rárá ara ò ní rí i gbà dáadáa. Ṣíbí kan méjì ti tó, kì í ṣe kí epo máa léfòó. Ẹni tó bá jó epo pupa títí tó fi funfun, tí èéfín gba gbogbo ilé, àwọ̀ pupa tó jó dànù yẹn gan-an ni èròjà tí ara fi ń ṣe fítámíìnì A.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ẹ̀fọ́ bá wọ́n ní Karu àti Nyanya, zogale ni kí ẹ mú. Àwọn Hausa máa ń bọ̀ ọ́, wọ́n á fi kúlíkúlí gígún, àlùbọ́sà, tòmátò, ata àti òróró díẹ̀ pò ó, kwadon zogale nìyẹn, màmá yín á fẹ́ràn ẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ sá a pamọ́, abẹ́ òjìji ni kí ẹ sá a sí, oòrùn gangan máa ń pa ohun tó wà nínú ẹ̀. Kuka náà wà ńbẹ̀, òun náà ni àwọn ará Òkè-Ògùn ń pè ní lúrú.

Bàbá_Lugbe:
Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ohun tó ń ká mi lára ni òkèlè. Ẹ máa ń sọ̀rọ̀ ọbẹ̀, ẹ ò sọ̀rọ̀ òkè iyán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Àtọ̀gbẹ ni wọ́n bá lára mi nígbà tí mo ń sún mọ́ ìfẹ̀yìntì, ojú ló dẹ̀ fi hàn mí, mo ṣáà ń pààrọ̀ jígí, ó ń yí padà lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ẹni tó ń ta jígí ló ní kí n lọ yẹ ṣúgà wò. Tuwo shinkafa lọ́sàn-án, búrẹ́dì àti mínírà lálẹ́, bí mo ṣe ń jẹ ẹ́ nìyẹn nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Garki. Dókítà ní ṣúgà tó pọ̀ lára máa ń ba àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tín ẹ̀yìn ojú jẹ́, wọ́n á máa jò, èèyàn ò dẹ̀ ní mọ̀ títí tí ìran á fi bàjẹ́. Ẹ yẹ ṣúgà màmá wò kí ẹ tó ra fítámíìnì kankan.

Àdùkẹ́_Jos:
Bàbá, ẹ kú àfaradà, ọ̀rọ̀ gidi lẹ sọ yẹn. Iṣẹ́ oúnjẹ ni mo kọ́, ibi tí bàbá fọwọ́ bà yẹn, kì í ṣe ẹni tó ní àtọ̀gbẹ nìkan ló kàn o. Àwọn oníwádìí ní yunifásítì Tufts, ní Amẹ́ríkà, ti ń tọ ọ̀rọ̀ yìí bọ̀ ó ti pẹ́: àwọn èèyàn tí oúnjẹ wọn jẹ́ èyí tó ń yára di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, macula wọn máa ń bàjẹ́ síwájú ju ti àwọn yòókù lọ, bí wọn ò tiẹ̀ ní àtọ̀gbẹ. Lọ́dún 2017 wọ́n gbé ti eku jáde. Wọ́n fún àwọn eku kan ní oúnjẹ tó ń yára di ṣúgà, wọ́n fún àwọn kan ní irú oúnjẹ kan náà àmọ́ tí sítáàṣì inú ẹ̀ ń rọra dà. Ti àkọ́kọ́, ẹ̀yìn ojú wọn bàjẹ́ bíi ti àgbà tí macula ń yọ lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n wá yí oúnjẹ àwọn kan lára wọn padà láàárín, ìbàjẹ́ náà dúró. Eku ni o, èèyàn kọ́, àmọ́ ibi kan náà tí ti èèyàn ń tọ́ka sí ló tọ́ka sí.

Torí náà Ìyá Ìbejì, ẹ yí abọ́ màmá padà: kí ẹ̀fọ́ àti ẹja gba ibi tó pọ̀, kí òkèlè kéré. Ẹ̀wà dára gan-an, mọ́ínmọ́ín, ẹ̀wà sísè, gbẹ̀gìrì, ó máa ń falẹ̀ nínú ara. Acha, ọkà kan tí hóró ẹ̀ kéré gan-an, wà lọ́dọ̀ wa ní Plateau níbí, ọ̀pọ̀ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ni wọ́n ń ní kó máa jẹ ẹ́, àmọ́ ìwọ̀n ni, tí èèyàn bá ro tuwo acha ràbàtà ó ti padà síbi tó ti ń bọ̀. Èso ni kí wọ́n jẹ, gúrọ́fà, ọsàn, ìbẹ́pẹ, kí wọ́n má mu júùsì inú páálí. Ti ẹja, titus àti ṣáwá ni kí ẹ máa rà, ọ̀rá inú wọn ni ojú fẹ́, ẹ sè é tàbí kí ẹ yan án, ẹ má dín in nínú òróró tí wọ́n ti fi dín nǹkan láìmọye ìgbà.

ÌyáÌbejì_Kubwa:
Ọlọ́run á san yín lóore o, gbogbo yín pátá. Mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Kaduna, ti fítámíìnì yẹn ńkọ́? Ẹni tó fẹ́ bá wa rà á ní òyìnbó gan-an ló ń lò ó.

OlójúKedere_Kaduna:
Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní AREDS ló ń sọ. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ojú ti ìjọba Amẹ́ríkà ló ṣe ìwádìí ẹ̀, wọ́n gbé àbájáde jáde lọ́dún 2001: fítámíìnì C 500 mg, fítámíìnì E 400 IU, beta-carotene 15 mg, zinc 80 mg, pẹ̀lú copper 2 mg. Àwọn tí macula wọn ti bàjẹ́ dé ìdajì ọ̀nà, tàbí tí ojú kan ti lọ tán, ó fi bíi 25% dín ewu kù pé kó bàjẹ́ dé òpin láàárín ọdún márùn-ún. Àmọ́ àwọn tí tiwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kò hàn pé ó ṣe wọ́n ní àǹfààní, kò dẹ̀ dá cataract dúró. Lọ́dún 2013 wọ́n tún gbé ìkejì jáde, wọ́n yọ beta-carotene kúrò torí pé ó ń fi kún ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lára àwọn tó ti mu sígá rí, wọ́n fi lutein 10 mg àti zeaxanthin 2 mg rọ́pò ẹ̀. Wọ́n tún gbìyànjú ọ̀rá omega-3 tó máa ń wà nínú epo ẹja nínú ẹ̀, kò fi nǹkan kan kún un.

Torí náà bí ẹ bá padà lọ, ẹ bi dókítà pé ipele wo ni ti màmá wà. Tó bá ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni, ẹ fi owó yẹn ra ẹja àti ẹyin. Tó bá ní ó ti dé ìdajì, kó kọ ọ́ fún yín fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ rà á ní kẹ́míìsì tó dáa.

Nọ́ọ̀sì_Gwagwalada:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n fi nǹkan kan kún un torí mò ń rí i ní wọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó má kàn dédé bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀fọ́ ràbàtà lójijì. Fítámíìnì K inú ewé máa ń dín agbára oògùn yẹn kù, kó sọ fún dókítà ẹ̀ kí wọ́n lè ṣètò ìwọ̀n. Ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ ò ṣiṣẹ́ dáadáa náà, potassium inú ẹ̀fọ́ lè pọ̀ jù fún un, kó bèèrè kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́_Kano:
Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè. Ẹ bá mi fi ti àwọn tó ń rìn ilé dé ilé kún un, àwọn tó máa ń fi abẹ́rẹ́ ti lẹ́ǹsì tó funfun sẹ́yìn sínú ojú. Wọ́n pọ̀ lọ́dọ̀ wa níbí. Àgbà á ríran fún ìgbà díẹ̀, gbogbo àdúgbò á máa yọ̀, ẹ̀yìn ìyẹn ojú á wú, á máa ro ó, á fọ́ pátápátá. Nínú ìwádìí 2005 sí 2007 tí ẹ̀gbọ́n sọ yẹn, ó lé ní 40% nínú àwọn ojú tí wọ́n ti ṣe cataract ẹ̀ tó jẹ́ pé ọ̀nà yìí ni wọ́n gbà ṣe é. Ó dùn mí púpọ̀. Kò sí zogale tó lè tún ojú bẹ́ẹ̀ ṣe.

Ẹni tó ń mu sígá nínú ilé, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi í sílẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí èèyàn lè yí padà fúnra ẹ̀ nípa macula, sígá ló ṣáájú oúnjẹ. Kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú oòrùn náà máa dé fìlà tó ní etí.

ÌyáÌbejì_Kubwa:
A dúpẹ́, kò sẹ́ni tó ń mu sígá nílé wa. Ohun tí mo pinnu nìyí: màmá á lọ yẹ ṣúgà wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀fọ́ á máa wà nílé lójoojúmọ́, titus tàbí ṣáwá á rọ́pò ẹran lọ́jọ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀, mínírà tí àwọn ọmọ ń fún wọn, mo ti dá a dúró. Ẹ̀rù ẹyin ló ṣì ń bà mí torí màmá ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Èmi náà fẹ́ lọ yẹ ojú mi wò lọ́jọ́ tí wọ́n bá padà lọ, kí ni kí n mú dání?

Àdùkẹ́_Jos:
Ẹyin kan lójúmọ́ kì í ṣe wàhálà fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹ sè é ni, ẹ má dín in. Iyọ̀ àti magí inú ọbẹ̀ ló yẹ kí ẹ ṣọ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Tí tẹ́ẹ̀sì bá wá gbé àtọ̀gbẹ jáde, ẹ bi dókítà nípa ẹyin yẹn.

OlójúKedere_Kaduna:
Ẹ mú gbogbo oògùn tí màmá ń lò dání, títí kan ti ẹ̀jẹ̀ ríru, kí dókítà rí i. Tí ẹnikẹ́ni bá ti ní glaucoma nínú ẹbí yín, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó bi yín, kí wọ́n wọn pressure ojú yín náà. Ẹ má wa mọ́tò lọ o, oògùn tí wọ́n máa kán yẹn máa jẹ́ kí ojú rí bàìbàì fún wákàtí bíi mélòó kan, oòrùn Abuja á dẹ̀ máa ta yín lójú gan-an, ẹ wá ẹni tó máa wà yín, kí ẹ̀yin méjèèjì mú jígí dúdú tàbí fìlà lọ́wọ́.